Iṣẹ́ Tí Ìyá Rábíà Rán Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ, bí mo bá sì ń kírun, ọkàn mi kì í pa pọ̀. Tí mo bá dákẹ́ di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kò sì ní í ṣeé pa rẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Aṣọ òfì ni mo ń hun. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ràfíù, la jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtíbàbà kan náà. Bí a ṣe ń hun aṣọ ni a ń gbọ́ orin, orin àwọn àgbà Òkè-Ògùn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ràfíù sọ pé àwọn olórin wọ̀nyí ń kú lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ìtàn wọn. Ó ní kí á dá ìwé ìròyìn orin sílẹ̀, ti Òkè-Ògùn nìkan. Inú mi dùn débi pé n ò lè hun aṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà tí a máa gbà gbé e jáde ló dá ìjà sílẹ̀. Ràfíù fẹ́ kí á lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nílé ìtẹ̀wé, kí ènìyàn lè mú un lọ́wọ́. Èmi ní orí fóònù ni, kí ohùn olórin máa dún bí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́. Mo ní àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun yóò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà, ta ló tún ń ra bébà? Ohun tí mo sọ lẹ́nu nìyẹn. Ohun tó wà níkùn mi yàtọ̀. Ràfíù kàwé jù mí lọ, ó mọ Yorùbá kọ dáadáa. Tó bá jẹ́ bébà ni, òun ni yóò jẹ́ ọ̀gá, èmi á kàn máa gbé báàgì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n tó bá di ti fóònù, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò tó mi ládùúgbò wa. Ìlara ni, ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa kò wọ̀, Ràfíù ní kí á jẹ́ kí Ìyá Rábíà bá wa yàn. Ìyá Rábíà ni olórin wákà tí a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ará Adó-Àwáyè ni. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kò sí walímà tàbí ìsọmọlórúkọ ńlá tí wọn kì í pè é sí. Ràfíù ní ohun tí ìyá bá sọ labẹ gé. Aṣọ ìyàwó kan wà lórí òfì rẹ̀ tí wọ́n ń kánjú gbà, nítorí náà èmi nìkan ni mo gun ọ̀kadà lọ.

Ìyá gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó kọ orin méje sínú fóònù mi, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo wá bi í ní ọ̀nà tó fẹ́, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Bébà ni," ó ní. "Bébà ni kí ẹ fi ṣe é, ọmọ mi. Ṣé o rí Rábíà yẹn?"

Mo wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ju mí lọ dáadáa, Àǹtí Rábíà ni mo máa ń pè é.

"Láti kékeré ni kò ti gbọ́ran. Gbogbo ayé ló gbọ́ orin mi, ọmọ tí mo bí nínú mi kò gbọ́ ọ rí. Ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, ọwọ́ kò sì lè kọ orin. Ṣùgbọ́n ó kàwé. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ, á kà á."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé Àǹtí Rábíà lè gbọ́. Ó ní orin kan ṣẹ́ kù, orin Rábíà fúnra rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti bí i ni òun ti ń tò ó pọ̀, òun ò kọ ọ́ lójú agbo rí. Òun ò sì ní kọ ọ́ sínú fóònù, kí ni fóònù fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò gbọ́ran? Ó ní kí n padà wá pẹ̀lú bébà àti bírò, òun á máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, èmi á máa kọ ọ́, kí ó jẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́.

"Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ bẹ́ẹ̀ o," ó ní. "Mo rán ọ o."

"Mo ti gbọ́, mà. Màá jíṣẹ́."

Mi ò jẹ́ ẹ. Nígbà tí mo dé Ìsẹ́yìn, Ràfíù gbọ́wọ́ kúrò lórí òfì, ó ní, "Kí ni ìyá wí?" Mo ní, "Ìyá ní orí fóònù ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ràfíù kò tilẹ̀ wo ojú mi lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kò burú, ohun tí ìyá bá wí náà ni, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yẹn ni mo fi ń tan ara mi, pé mo tún iṣẹ́ ìyá ṣe ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ ni ìyá rán mi. Èmi ni mo fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Ìwé ìròyìn wa jáde lórí fóònù. Àwọn ènìyàn gbọ́ orin méje ìyá, wọ́n yìn wá, orúkọ mi ló sì wà lókè. Mo ní màá padà lọ sí Adó-Àwáyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n lọ gba orin kẹjọ sílẹ̀, kí n fi tu ìyá nínú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn di oṣù. Òjò dé, iṣẹ́ pọ̀, ojú sì ń tì mí. Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìgbà tí mo lọ ni wọ́n pè wá pé ìyá ti kú.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àǹtí Rábíà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Màámi ní o ń mú ìwé bọ̀. Ó ní orin mi wà nínú rẹ̀. Dà á?" Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ó wà nílé ìtẹ̀wé." Ó kà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Ẹ jọ̀ọ́, títí di ìsinsìnyí, ara mi ò tíì gbàgbé bó ṣe dì mí mú.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ń wọlé. Kò bínú rí. "Ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?" Èmi náà á ní, "Ó kù díẹ̀." Bí mo bá sì jókòó sídìí òfì, tí òwú ń lọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ mi, ohùn ìyá ni mo ń gbọ́. Orin méje yẹn kọ́ o. Orin tí mi ò gbọ́ rí ni. Mo máa ń gbọ́ ohùn, mi ò kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo dáwọ́ dúró, mo bi Ràfíù bóyá òun náà gbọ́ nǹkan. Ó wò mí, ó ní kí n lọ sinmi.

Ní oṣù tó kọjá, Ràfíù ní ohun tí a gbé sórí fóònù ti ń parẹ́, àwọn kan tẹ̀ ẹ́, kò ṣí mọ́. Ó ní kí á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà láti fi rántí ìyá. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún Àǹtí Rábíà. Èsì tó rí gbà ni pé, "O ṣeun. Má gbàgbé orin mi. Ó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ."

Ràfíù wá bi mí. Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi. Mo ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ bébà ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi orin méje ìyá sétí, mo sì jókòó kọ orin kẹjọ fúnra mi. Mo mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, mo mọ ibi tó ti máa ń ki ọmọ, mo mọ ibi tó ti máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò tilẹ̀ ni mí lára. Ó dùn, ìyẹn gan-an ló burú jù níbẹ̀. Nígbà tí Ràfíù kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ló ń sọ̀rọ̀ yìí." Ó fi í sójú ewé àkọ́kọ́, ó kọ orúkọ ìyá sókè rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ohùn tí mo ń gbọ́ nídìí òfì ti dákẹ́. Mo rò pé màá sinmi. Ìdákẹ́jẹ́ náà wá le ju orin lọ, bíi pé ẹnìkan dúró lẹ́yìn mi, tó ń wo ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí.

Bí mo bá dákẹ́, Àǹtí Rábíà á rí ìwé gbà, inú rẹ̀ á dùn, á máa ka ọ̀rọ̀ mi títí ayé rẹ̀, á rò pé ti ìyá òun ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á mọ̀ pé orin òun ti bá ìyá òun wọ ilẹ̀, pé èmi ni mo sì fà á. Ràfíù náà á mọ irú ẹni tó ti ń bá jókòó. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti bímọ, èwo ni ẹ máa yàn fún ọmọ yín nínú méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀ láìdáhùn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ tún wọlé láàárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ Jímọ̀ kò tíì pé. Ó ní, "Ràfíù ní orin mi ló ṣíwájú. Ṣé bí Màámi ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ lo ṣe kọ ọ́?"

Fóònù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n kọ sí i?