Omi Tí N Kò Dà Sórí Jòhánù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò lè gbé mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, obìnrin kan fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn nítorí oore tí mo ṣe fún un. Ó ní kí n wá dìde níwájú ìjọ. N kò ṣe oore náà. Irọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Agbẹ̀bí ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìtamága, obìnrin kan láti Ìjẹ̀dẹ̀ bímọ sọ́dọ̀ wa. Oṣù ọmọ náà kò pé. Èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. A ti ránṣẹ́ pe mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Ọkọ obìnrin náà wà níbi iṣẹ́ ní Èkó, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè dìde. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣèrìbọmi fún un. Fadá wa ní tí ò bá sáyè, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ẹ ṣáà da omi sí i lórí, kẹ́ ẹ dárúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́."

Ní ìjọ tiwa, ẹni tó ti mọ ohun tó ń ṣe nìkan là ń rì bọmi. Èmi ni olùkọ́ àwọn obìnrin nígbà náà, ẹnu mi sì mú. Mo máa ń fi àwọn tó ń da omi sórí ọmọ ọwọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní irun ọmọ ni wọ́n ń fọ̀. Mo gbà pé ọmọ tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ Jésù ló ń lọ tààrà. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀.

Mo bu omi sínú ife, mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì níbi tí ọmọ wà. N kò dà á sórí ọmọ náà. Mo gbé ife náà sílẹ̀ sórí tábìlì, mo jáde, mo ní, "Mo ti ṣe é. Jòhánù ni mo pè é." Ó ní, "Àmín." Ọwọ́ rẹ̀ tó fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú wá tú. Ọmọ náà kú kí mọ́tò tó dé.

Omi lásán ni, kò ní ná mi ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n jàre ju kí n ṣàánú lọ. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

N kò mọ̀ pé yóò di orúkọ yẹn mú. Ó bí àwọn ọmọ mìíràn, wọ́n wà láàyè, síbẹ̀ Ìyá Jòhánù ló ní kí gbogbo èèyàn máa pe òun. Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe rí, a kì í fi orúkọ ọmọ tó ti kú pe ìyá rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ bá a jà títí. Obìnrin náà ní Jòhánù kò sọnù, òun mọ ibi tó wà. Ní gbogbo Kérésì ló ń gbé ẹja gbígbẹ wá fún mi láti Ìjẹ̀dẹ̀. Mo ń gbà á, mo sì ń jẹ ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ tí Dúpẹ́ ọmọbìnrin mi bí ṣàìsàn. Tèmi là ń pe ọmọ náà, kò tíì lè jókòó. À ń sáré lọ sí ọsibítù nínú takisí. Dúpẹ́ wà níwájú, ó ń bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó yára. Èmi ni mo gbé Tèmi lé ẹsẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, mo ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò séwu. Mo wo ojú ọmọ náà. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ ojú yẹn.

N kò ronú. Mo fi eyín já píọ̀wọ́tà, mo dà á sí i lórí, mo dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi tí mo ní irun ni wọ́n ń fọ̀! Mo fi ìborùn mi nù ún, Dúpẹ́ kò rí wa. Tèmi kò dé ọsibítù.

Ìyá Jòhánù wá bá wa kẹ́dùn. Ó jókòó ti Dúpẹ́, ó ní, "Mọ́mì ẹ ló ṣèrìbọmi fún Jòhánù mi. Àtìgbà yẹn lọkàn mi ti balẹ̀. Má sunkún mọ́, ọmọ mi."

Dúpẹ́ gbójú sókè. "Màámi, ẹ̀yin? Ṣé ẹ ṣe é lóòótọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó bú sẹ́kún. "Ẹ ṣe é fọ́mọ ọlọ́mọ, ẹ ò ṣe é fún Tèmi?"

Tí mo bá sọ pé mo ṣe é fún Tèmi náà, yóò mọ̀ pé mo ti rí ikú lójú ọmọ rẹ̀ nígbà tí mò ń sọ pé kò séwu. Láti ọjọ́ náà, ìkíni lásán ló kù láàárín wa. Òun náà ń bọ̀ wá síbi ìdúpẹ́ Ìyá Jòhánù.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ irọ́ tí mo pa ti kan ilẹ̀kùn. Tí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé ọkàn Ìyá Jòhánù kò ní balẹ̀ mọ́. Tí mo bá dákẹ́, Dúpẹ́ yóò máa rò pé mo fẹ́ràn ọmọ ọlọ́mọ ju tirẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún?

Ìjọ wa kọ́ mi pé ọ̀dọ̀ Jésù ni Jòhánù àti Tèmi wà, omi tàbí àìsí omi. Mo fi kọ́ àwọn ẹlòmíì, mo sì gbà á gbọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mò ń wá nínú píọ̀wọ́tà yẹn?