Orúnkún Mi Ló Ṣẹ́ Ọrùn Neville

Ẹ gbé ife bíà yín kalẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ní ẹ péjọ láti yẹ́ mi sí, nítorí jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi tán, dókítà ò sì rò pé màá rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ohun tó wà nínú mi yìí wọ ilẹ̀ lọ. Neville, sún kẹ̀kẹ́ arọ rẹ mọ́bí. Ìwọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Gbogbo yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ nílùú yìí, pé Vernon Hoyle, ará Garthwick lódìkejì odò, ló ṣẹ́ Neville lọ́rùn tó fi di ẹni tí kò lè rìn mọ́. Irọ́ ni. Èmi Derrick Oldroyd ni.

Èmi àti Neville jọ ń wa èédú ni, a sì jọ ń gbá rọ́gíbì, èjìká mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ wá ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Granville Pickersgill, alága wa, fà mí sẹ́yìn ilé ìmúra. Ó ní, "Derrick, Neville la máa mú o. Ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìwọ, ẹ̀ṣẹ́ nìkan lo mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jowú Neville. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́. Nígbà ìdáṣẹ́sílẹ̀ àwa tí ń wa èédú, tí kò sí nǹkan nílé mi, nídìí tábìlì Neville ni mo ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ tí a bá Garthwick gbá a, Vernon gbá Neville mú, ó sì gbé e ṣubú bí òfin rọ́gíbì ṣe gbà. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ sílẹ̀, bó ṣe máa ń bẹ́ láyé ìgbà yẹn: ẹ̀ṣẹ́ lójú, orí mọ́ imú, ẹ̀jẹ̀ nínú ẹrẹ̀. A ya lu ara wa, Neville wà nísàlẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Mo rí nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ dáadáa, mo mọ̀ pé òun ni. Mo fi orúnkún sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo mi, ó sì dún. Mo ti ń sọ fún ara mi látìgbà náà pé ṣe ni mo fẹ́ kó fara pa díẹ̀. Irọ́ nìyẹn náà. Nígbà tó dún, inú mi dùn.

Neville ní, "Derrick, mi ò mọ ẹsẹ̀ mi lára mọ́." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì nawọ́ sí Vernon. Mo sọ fún rẹfirí pé, "Òun ni. Ìṣojú mi ló ṣe é." Wọ́n lé Vernon kúrò nínú eré títí ayé, èmi sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Lẹ́yìn náà ni Vernon wá bá mi ní ibi tí a ń gbé mọ́tò sí. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Derrick, o mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Wọ́n ń tutọ́ sí ìyàwó mi lára lọ́jà. Ṣáà sọ pé o ṣì í rí." Àwọn géńdé inú ẹgbẹ́ mi wà nítòsí, wọ́n ń jẹ páì ẹlẹ́ran. Mo yíjú sí wọn, mo ní, "Ẹni tó ṣẹ́ Neville lọ́rùn rèé."

Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, ṣé ká fojú ẹ̀ rí nǹkan?"

Mo ní, "Ẹ má ṣáà pa á."

Wọ́n fi bàtà onírin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Eyín rẹ̀ jáde. Egungun ìhà rẹ̀ kán. Kò wo àwọn tó ń lù ú, èmi ló ń wò, títí bàtà ẹnì kan fi wọ ojú òsì rẹ̀, tí ojú náà sì fọ́. Ìgbà náà ni mo ní kó tó, nítorí ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí. Mo gba ilé Neville lọ, mo ròyìn fún un. Ó sunkún, ó ní, "O bá mi gbẹ̀san. Ọ̀rẹ́ bíi tìẹ ò sí." Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀gá yín bá nawọ́ sí ènìyàn kan pé kí ẹ lù ú, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Neville, má tíì dá mi lóhùn. Vernon ṣì wà láyé, ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Garthwick ló ń gbé. Ní kí wọ́n gbé ọ lọ bá a ná. Gbogbo ọdún tí ẹ fi kórìíra ara yín, ọwọ́ mi ló ti wá. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ tẹ́rùn. Bí ẹ bá lè dárí jì mí lẹ́yìn náà, ẹ wá sílé mi. Bí ẹ ò bá sì wá, mi ò ní béèrè ìdí rẹ̀.