Mo Mọ̀ Pé Kì í Ṣe Góòlù

Ọmọbìnrin kan wà ní Àbújá yìí tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Orúnkún méjèèjì ló máa ń kàn mọ́lẹ̀, kì í ro ti aṣọ tó wọ̀. "Ẹ káàárọ̀ Mà," ni yóò wí, yóò dìde, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń wò wá láti òkèèrè yóò ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìkúnlẹ̀ ọmọ náà ń dùn mí ju kó gbá mi létí lọ. Kí ló dé? Ọmọ yìí kì í kúnlẹ̀ kí mi tẹ́lẹ̀ ni. Ṣe ló máa ń sáré wá dì mọ́ mi, tí yóò pè mí ní "Kóòṣì mi," tí yóò gba báàgì lọ́wọ́ mi, tí yóò sì máa ròyìn gbogbo àṣìṣe tí rẹfirí ṣe lánàá fún mi títí a ó fi dé ìdí mọ́tò. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́ di àlejò. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Orí bọ́ọ̀lù ni mo sì ti pa á!

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, kí ló kan obìnrin àgbàlagbà kan ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù? Ẹ ní sùúrù. Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù fún. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ní Èkìtì, mo kọ́ iṣẹ́ rẹfirí, mo yege ìdánwò rẹ̀, mo sì fọn fèrè fún àwọn ọkùnrin tí àyà wọn gbòòrò bí ilẹ̀kùn. Mo ti fi káàdì pupa lé ẹni tí mo ní láti gbójú sókè kí n tó rí ojú rẹ̀, ó kùn títí, ó sì jáde. Ìgbà tí mo lọ́kọ, tí iṣẹ́ ìjọba gbé wa wá sí Àbújá, ni mo gbé fèrè jù sílẹ̀, àmọ́ mi ò gbé òfin jù sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe ni mo máa ń wá a kà. Bí mo bá sọ pé báyìí ni òfin wí, báyìí náà ló wí. Ìyẹn ni gbogbo èèyàn fi gbà mí gbọ́, òun náà ló sì jẹ́ kí irọ́ mi wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Kugbo là ń gbé, lẹ́yìn ọjà àga. Ọkọ mi àti Bàbá Tọ́lá jọ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan náà, ògiri kan ṣoṣo ló sì pín ilé wa. Ó ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí a ti jọ ń wọ mọ́tò kan náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìyàwó rẹ̀ bá se ẹ̀wà, àwọn ọmọ mi á ti mú abọ́ lọ́wọ́ kó tó jinná. Tọ́lá, ọmọbìnrin tó ń kúnlẹ̀ kí mi yẹn, ni àkọ́bí wọn, ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Maitama. Àbújá ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, àmọ́ bí ẹ bá sọ òfin bọ́ọ̀lù kan fún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní tún un sọ. Òun ló wá bá mi fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́ di rẹfirí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ ọ ní gbogbo Sátidé lórí pápá iléèwé kan nítòsí wa. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń wo ẹsẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú ṣọ́ àsíá láìn-mán. Ohun tí mo sì máa ń tẹnu mọ́ jù lọ ni pé, "Tọ́lá, rẹfirí ò ní ẹbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kó o wò, má wo ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí." Orúkọ rẹ̀ ti wọlé fún ìdánwò. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, abẹ́ àtíbàbà Malam Sani ni ìdílé wa méjèèjì ti máa ń wo bọ́ọ̀lù. Káfíńtà ni, ó ń kan àga ìjókòó. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá jáde, àwa a sì jókòó sórí àwọn àga tuntun tí wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá lára wọn. Òórùn fáníìṣì á gba imú kan. "Sànnu, Madam Rẹfirí!" ni Malam máa ń fi kí mi, á sì fi mí sí àga tó dára jù. Bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ lórí pẹ́nárítì tàbí ọ̀fúsáìdì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Mo máa ń dá ẹjọ́ náà, wọ́n á sì gbà. Ẹ ò lè mọ bí ó ṣe máa ń dùn mọ́ mi tó!

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìwé ìgbéga jáde ní iléeṣẹ́ wọn. Orúkọ Bàbá Tọ́lá wà níbẹ̀. Ti ọkọ mi kò sí. Wọ́n jọ wọ iṣẹ́ ni o, wọ́n jọ ṣe ìdánwò ni. Ọkọ mi kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú oríire, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ Wẹ́sìdeè títí di ọjọ́ Ìsinmi, oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Mò ń wò ó, ó sì ń ṣe mí láàánú.

Ẹgbẹ́ tí ọkọ mi fẹ́ràn ló ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ti Bàbá Tọ́lá ni wọ́n sì ń bá gbá a. Ó ku díẹ̀ kó parí, òdo sódo. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ wá síwájú ilé, ó ta lára ẹni kan, ó ba agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ọkọ mi lọ́wọ́, ó bọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló sì gbá a sínú àwọ̀n. Ọkọ mi fò sókè! Inú mi dùn pé ó tún rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni rẹfirí fi ọwọ́ mọ́ etí. VAR ti pè é, àwọn tó ń wo fídíò. Ó sáré lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó wò ó, ó tún un wò, ó padà wá, ó sì fagi lé góòlù náà.

Ariwo ta. Ọkọ mi ní, "Ojóró ni! Ọmọ yẹn ò mọ̀ọ́mọ̀! Ṣé kó gé ọwọ́ rẹ̀ sọ nù ni?"

Bàbá Tọ́lá ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Kò kan mímọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bà lọ́wọ́, tí òun náà sì gbá a wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í ṣe góòlù."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ṣebí Ìyá Dèjì jókòó síbí." Ó yíjú sí mi. "Ìyá Dèjì, ẹ bá wa dá a. Ohun tí ẹ bá ti sọ, mo gbà."

 Mo wo ojú ọkọ mi. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ojú tí mò ń sọ. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń jà nítorí bọ́ọ̀lù. Ojú ẹni tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yẹn ni, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tún fi òun sílẹ̀ níwájú èèyàn. Mo mọ òfin náà bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Bàbá Tọ́lá ló tọ̀nà. Ni mo bá la ẹnu, mo ní, "Bí kò bá ti mọ̀ọ́mọ̀, góòlù ni. Rẹfirí yẹn ló ṣèrú."

"Kai!" ni Malam Sani wí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi Bàbá Tọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi. Tọ́lá ni. "Kóòṣì mi, no. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tó bá score immediately…"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọmọ tí mo fi ọdún méjì kọ́. "Ìwọ, jókòó jẹ́ẹ́! Ọjọ́ mélòó lo ti fọn fèrè? Àbí àgbà ò sí níbí mọ́ ni?"

 Kò tilẹ̀ bínú sí mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ṣi ilẹ̀kùn yàrá tó mọ̀ dáadáa, tí kò rí nǹkan kan tó mọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, bóyá ì bá sàn. Ọkọ mi ti rí ìgboyà nínú irọ́ mi. Ó kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé o rí i? Nítorí wọ́n fún ọ ní ìgbéga, o rò pé gbogbo nǹkan lo mọ̀. Ṣé a ò mọ ẹsẹ̀ ẹni tó o lọ ń dì mú kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ?" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.  Bàbá Tọ́lá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó fi Hausa dúpẹ́ pé, "Malam, na gode," ó sì jáde. Ìyàwó rẹ̀ àti Tọ́lá tẹ̀ lé e. Ògiri tó pín ilé wa wá di ògiri lóòótọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo múra ní kùtùkùtù láti sin Tọ́lá lọ síbi ìdánwò, bí a ṣe ti jọ ṣàdéhùn. Mo kan ilẹ̀kùn wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i, aṣọ ilé ló wà lára rẹ̀. Ó ní òun ò lọ mọ́. Mo ní kí ló dé? Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Mummy, bí ẹni tó mọ òfin tó báyìí bá lè yí i nítorí ẹni tó fẹ́ràn, what am I going there to learn?" Mo yí padà sílé.  Kò pẹ́ sígbà náà tí iléeṣẹ́ ń wá ẹni tí yóò lọ ṣe olórí ọ́fíìsì wọn ní Abaji, ìlú kan tó jìnnà díẹ̀ sí wa. Bàbá Tọ́lá ló yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó kó ìyàwó rẹ̀ lọ. Tọ́lá gba yàrá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nítòsí ibi iṣẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lèmi àti Tọ́lá wá ń rí ara wa.

Ó lé lọ́dún kan tí mo fi gbé irọ́ náà sáyà. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ bá ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kí n wá sọ òfin tuntun fún wọn. Ọkọ mi ni bàbá ìsàlẹ̀ wọn, ó jókòó níwájú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà na ọwọ́ sókè: "Mà, bí bọ́ọ̀lù bá bà mí lọ́wọ́ láìmọ̀, tí mo sì gbá a wọlé lójú ẹsẹ̀ ńkọ́?" Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo wo ọkọ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò jẹ́ kí ojú rẹ̀ dá ẹjọ́ náà fún mi. Mo ní, "Kì í ṣe góòlù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ ohun mìíràn fún yín, tó fi mọ́ èmi, irọ́ ló pa."

Nígbà tí a délé, kò bọ́ fìlà kó tó bi mí. "Ṣé o mọ̀ lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

"O sì jẹ́ kí n sọ ohun tí mo sọ sí ọ̀rẹ́ mi?"

"Irọ́ ni tèmi, mo gbà á. Èébú yẹn, ẹnu rẹ ló ti jáde."

Ó bínú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó ní mo dójú ti òun nígbà tí mo parọ́, mo tún dójú ti òun nígbà tí mo sọ òótọ́, èwo ni kí òun mú? Mi ò dúró dè é. Mo wọ mọ́tò, ó di Abaji. Mo bá Bàbá Tọ́lá àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá Tọ́lá ní kí n dìde. Ó ní, "Ìyá Dèjì, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ẹni tó ń ṣìṣe kì í kọ́kọ́ wo ojú ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe góòlù ló dùn mí. Ẹ̀yin ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí." Ìyàwó rẹ̀ sunkún, ó sì bu ẹ̀gúsí fún mi mú lọ. Lọ́sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ mi náà lọ, òun nìkan. Kò sọ ohun tí wọ́n jọ sọ fún mi, mi ò sì bi í. Ní báyìí, wọ́n ti ń pe ara wọn lórí fóònù bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, wọ́n tún ti ń bá VAR jà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ kù sí ti Tọ́lá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "It's fine, Mà, ó ti tán," ó sì kúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò tán. Ẹ má bi mí bóyá ó yẹ kí n jẹ́wọ́ o, ìyẹn dá mi lójú, bí ilé mi tilẹ̀ gbóná fún un. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì ń pè sí ìdájọ́, ì báà ṣe lórí bọ́ọ̀lù, ẹ ṣọ́ra. Ẹ lè tu ẹni yín nínú nígbà tí ẹ bá délé, àmọ́ ẹ má yí òtítọ́ padà láti fi tù ú nínú níwájú ọmọ tó ń ti ara yín kọ́ ìwà. Mo ti pinnu: lọ́jọ́ Sátidé yìí, n ó lọ kan ilẹ̀kùn Tọ́lá. N ò ní bá a sọ̀rọ̀ ìdánwò, n ò sì ní sọ pé mo dàgbà tó ìyá rẹ̀. Lílọ ni mo ń lọ, kò sí ẹni tó lè dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa sọ nìkan ni mi ò tíì rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti já ọmọ kulẹ̀ rí, tó sì padà gbà yín gbọ́, kí lẹ kọ́kọ́ wí fún un?