Orúkọ Méjì tí Abọ́sẹ̀dé Ń Jẹ́ ní Etí Ìsun

Ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó dúró, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò ní agbára ariwo mọ́. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń sín ìyàwó Akínlàbí jẹ láàárọ̀, ọmọ tí a gbé wá láti Òkè-Ìgbàrà. Ẹ ní ó ń pe iṣu ní "ichu". Láti ìgbà náà, ọmọ ọlọ́mọ ò lanu mọ́. Ó gbé oúnjẹ mi wá, ó kúnlẹ̀, ó sì yí padà lọ. Ó dùn mí. Ọ̀la la sì fẹ́ gbá ìsun. Nítorí náà ni mo fi ní kí wọ́n pè yín.

Ní ayé àtijọ́, kí ilé yìí tó di ilé, kí ọ̀pẹ tí ẹ̀ ń wò yẹn tó hù, Abọ́sẹ̀dé ìyá ńlá wa sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Ìgbàrà. Ìyàn ló lé e. Lágbàyí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní òun ò lè fi sàárè baba àwọn sílẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ní òun ò lè máa wo ọmọ kí ebi pa á kú. Wọ́n sunkún, wọ́n pínyà. Òun àti ọkọ rẹ̀ rìn fún ọjọ́ méje, ọmọ kan lẹ́yìn, òmíràn nínú. Nígbà tí wọ́n débí, kò sí omi. Abọ́sẹ̀dé fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀, ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ, títí omi fi yọ. Ìsun yẹn náà lẹ̀ ń pọn lónìí. Ẹ̀yin rò pé ó ṣàdédé wà níbẹ̀ ni.

Ọmọ mẹ́fà ló tọ́ síbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Lókè, ahọ́n ni wọ́n ń pè ní "asọ́n", ahéré ni wọ́n ń pè ní "aséré". Àwọn ọmọ tó dàgbà síbí bẹ̀rẹ̀ sí í wí "ahọ́n". Ìyá á ní "asọ́n", ọmọ á ní "ahọ́n". Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, ó sú u. Kò sì tán síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní "ìṣun" lókè di ìsun lẹ́nu wọn, "ọ̀ṣán" di ọ̀sán. Nígbà tí ìyẹn jókòó tán, "ichu" náà di iṣu, "òchùpá" di òṣùpá. Tí ẹ bá bi mí pé ta ló pàṣẹ, mo máa ní kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Ọmọ ń pọ̀ sí i, ìyá ń darúgbó, nígbà tó yá, ìyá náà ń wí i bíi tọmọ. Èèyàn kan ò lè máa bá odidi agbo ilé jà lórí iṣu. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ṣì ń sọ ọ́ bíi tòkè, ọkọ náà sì kú.

Ẹ̀rùn kan wá dé tí ìsun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ládèjọ àkọ́bí rẹ̀ dúró tì í tòun tàdá. Ẹ má bínú sí i o. Ní ọdún méjì ṣáájú, àwọn kan ti wá, wọ́n ní ọmọ Lágbàyí làwọn. Wọ́n mu omi, wọ́n jẹ iṣu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ò rí wọn, a ò sì rí ọmọbìnrin Ládèjọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan yọ, Àrìnpé lorúkọ rẹ̀, èèyàn mọ́kànlá ló tẹ̀ lé e, ètè àwọn ọmọ kéékèèké inú wọn ti bó.

Ó ní, "Ẹ kúulé o. Ọmọ Lágbàyí ni wá. Bàbá wa ti kú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí débi ìṣun."

Àwọn ọmọ ilé bú sẹ́rìn-ín. Ládèjọ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ yí padà. Ọmọ Lágbàyí kan ti jí mi lọ́mọ rí."

"Àwa kọ́ nìyẹn, bàbá. Bí a bá yí padà, ọmọ méjì níbí ò ní délé."

Orí ìtì igi iwájú ilé ni Abọ́sẹ̀dé wà. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ká tiẹ̀ ní ó ríran, báwo ni yóò ṣe dá Àrìnpé mọ̀? Wọn ò tíì bí i nígbà tó kúrò lókè. Ó ní, "Ládèjọ, fi àdá yẹn sílẹ̀ ná. Máa tọ́ka sí nǹkan fún un, kó máa dárúkọ wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa dárúkọ wọn tẹ̀ lé e."

Ó tọ́ka sí aṣọ, àlejò ní "achọ". Ó tọ́ka sí iṣu, ó ní "ichu". Ó tọ́ka sí ìsàlẹ̀, ó ní "ìṣàlẹ̀". Ó tọ́ka sí ahéré, ó ní "aséré". Nǹkan tí wọ́n dárúkọ lé ní ogójì. Oòrùn ń pa wọ́n, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, obìnrin náà ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá wá pe ọmọ-ọmọ mẹ́ta, ó ní kí wọ́n jókòó tẹ̀ léra lórí ìtì. Ó ní kí ti ìpẹ̀kun bọ́ sílẹ̀ sórí ẹní. Àyè ṣófo, ẹni tó tẹ̀ lé e sún síbẹ̀. Ẹni kẹta náà sún.

Ó ní, "Ládèjọ, ìwọ lo kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ tó o wí 'ahọ́n' tí mo nà ọ́. Àwọn àbúrò rẹ sún sáyè tó o fi sílẹ̀: 'ìṣun' di ìsun, 'ichu' di iṣu. Gbogbo yín lẹ ti sún. Èmi náà ti sún. Àwọn wọ̀nyí ṣì jókòó síbi tí mo fi wọ́n sí. Ẹnu wọn ò wọ́, ìtì kan náà la jọ jókòó lé. Àwọn olè yẹn wí 'ichu' lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wí 'iṣu' nídìí ààrò. Irọ́ kì í tò báyìí."

Ládèjọ ní, "Ìyá, èèyàn lè kọ́ ọ." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń rò.

Ó ti rẹ ìyá. Ó kọjú sí àlejò, ó ní, "Kí ni bàbá rẹ ń pe àbúrò rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀?"

Àrìnpé ní, "Abọ́ṣẹ̀dé. Lálaalẹ́, tó bá jẹun tán, á ní, 'Abọ́ṣẹ̀dé, o jẹun?'"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ ìyá, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, òun pàápàá ti gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ lòun ń jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó nawọ́, ó sì wí bí wọ́n ti ń wí lókè, "Ṣún mọ́ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi." Ládèjọ fúnra rẹ̀ ló lọ bu omi.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé ìyàwó láti Òkè-Ìgbàrà títí dòní. Ìdí nìyẹn, lọ́dọọdún tí a bá gbá ìsun tán, tí ẹnikẹ́ni kì í mu níbẹ̀ títí ọmọ ilé kan á fi pè é bíi tiwa, Abọ́sẹ̀dé, tí ọmọ òkè kan á sì pè é bíi tiwọn, Abọ́ṣẹ̀dé. Lẹ́yìn náà la ó tó bu omi.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín yìí náà ń sún. Mo ń gbọ́ yín. Ahọ́n tí mò ń wí, "aọ́n" lẹ̀ ń wí. Mo tún un ṣe títí, ó ti sú mi bó ṣe sú Abọ́sẹ̀dé.

Ìyá Àjọkẹ́ tó máa ń bá wa pe orúkọ náà bíi tòkè kú nígbà òjò, ẹ̀yin náà lẹ gbé e sin. Nínú gbogbo agbo ilé yìí, ẹnu kan ṣoṣo ló kù, ti ìyàwó Akínlàbí, òun náà lẹ sì pa mọ́ láàárọ̀.

Ẹ dìde, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá dáhùn, a ò ní lè mu omi lọ́la.