Òróró Tí Mo Dà Sí Rédíétọ̀ Ọkọ̀ Ìjọ

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka èyí, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́jọ. Ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé ìjọ wa ní Ìkọ̀lé fẹ́ fi mí jẹ Bàbá Ìjọ nígbà ìkórè tí ń bọ̀, mo sì ti gbà. Láti ìgbà náà ni ìwà mi ti ń rí mi lára.

Ìjọ ni ó tọ́ mi. Ilé ìwé wọn ni mo lọ, àwọn náà ni wọ́n rán mi lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. N kò lè dúpẹ́ tán. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ Píjò àtijọ́ tí àlùfáà wa kan fi sílẹ̀ sí ìkáwọ́ mi, mo tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Òun ni a fi ń gbé àwọn arúgbó wá sí ìsìn, òun náà ni a fi ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó.

Ọkọ̀ náà ti gbó, ó sì máa ń gbóná. Bàbá Dúpẹ́, mẹkáníìkì tó ń kọrin ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kí n ṣí ọmọrí rédíétọ̀, kí n wo omi. Bí ó bá dín, kí n fi omi aláwọ̀ ewé inú kẹ́ẹ̀gì kún un.

"Tíṣà, nǹkan mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ o. Uṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ ṣe, ẹ fi tèmi sílẹ̀ fún mi."

Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ kan ọkọ̀ hó mọ́ wa lọ́wọ́ lórí òkè, lọ́nà Ìtapàjí, pẹ̀lú ìyá arúgbó kan tí àyà ń dùn. Ìyá náà kò kú, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ní ọjọ́ kejì mo gbààwẹ̀. Mo mú òróró tí a fi ń gbàdúrà fún aláìsàn, mo ka Sáàmù, mo sì da ìgò náà tán sí ẹnu rédíétọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbàgbọ́ ni mo pè é.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ tún hó. Nígbà tí Bàbá Dúpẹ́ ṣí i, nǹkan rúsúrúsú léfòó sórí omi, ó ń yọ̀ bí ikun. Ó fi ìka kàn án, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wò mí.

"Tíṣà, ẹ ò da nǹkan kan sí i?"

"Rárá o," ni mo wí.

Ó gbà mí gbọ́. Ó sọ fún ìgbìmọ̀ pé yóò jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì tó ya ọ́ìlì sọ́tọ̀ kúrò lára omi nínú ẹ́ńjìnnì ti já, tí ọ́ìlì fi ń dà pọ̀ mọ́ omi. Ó tú ẹ́ńjìnnì. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì kò já, òun kò mọ ibi tí ọ́ìlì ti wá.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní, "Ẹnu méjì ni ọkùnrin yìí ní. Ó kàn fẹ́ rí uṣẹ́ ṣe lára wa ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá fún un mọ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ọyẹ́, àga rẹ̀ láàárín àwọn akọrin sì ṣófo. Nígbà tí wọ́n fọ rédíétọ̀ tí ọkọ̀ dára, èmi ni mo bọ́ síwájú ìjọ, tí mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run tú àṣírí ẹlẹ́tàn. Ẹnu tí mo fi ń gba ara Olúwa ni mo fi sọ ọ́. Ẹ wo irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá mo pàdé rẹ̀ ní Ọyẹ́. Orí rẹ̀ ti funfun. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ọmọ. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Tíṣà, ara mi kò yá ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n fi òróró kàn mí níwájú orí, wọ́n gbàdúrà fún mi. Bí mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ ni mo rántí rédíétọ̀ yín. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ ó wá bá mi lọ́jọ́ kan."

Mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo sì bá tèmi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un ní Ọyẹ́ ni, àbí kí n dìde níbi tí mo ti jẹ́rìí èké, kí n sọ ọ́ kí ìkórè tó dé? Wọ́n ti ń rán aṣọ oyè náà. Wọ́n ní ní ọjọ́ náà, àlùfáà yóò ta òróró sí mi lórí. N kò mọ bí n ó ṣe gba òórùn yẹn sára.