Àkísà Pupa Ìdí Òkìtì Iyanrìn

Ìyá Habeeb, ẹ gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín yẹn kúrò níwájú mi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ọjọ́ náà ló pé yìí. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, n kò sì fẹ́ gbé ohun ìríra yìí wọ sàréè. Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi Mọ́rúfù ni ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń ta iyanrìn ọ̀sà ní Badore. Òkìtì ibẹ̀ ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ìdí rẹ̀ làwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wà, orí rẹ̀ á wá yọ síta bí òrùlé. Bí òjò bá rọ̀ sí i, á dúró gbagidi; bí oòrùn bá gbẹ ẹ́ ló ń ya lulẹ̀ lójijì. Nítorí náà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá gún orí náà wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ki ṣọ́bìrì bọ ìdí rẹ̀. Bí kò bá tíì gún un, á so àkísà pupa mọ́ igi, á rì í síwájú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

Ní Jímọ̀ tí Habeeb kú, òjò àárọ̀ ti dá, oòrùn ń ta. Mo ní kí gbogbo wọn lọ kírun, pé èmi á dúró gún iyanrìn. Irọ́! Oorun ni mo sùn, ọ̀lẹ lásánlàsàn. Habeeb ló kọ́kọ́ dé, torí ọkọ̀ típà oníbàárà kan láti VGC ń dúró de iyanrìn ní gẹ́ètì. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti clear òkè ẹ̀? Mi ò rí red rag o."

Mo yán, mo ní, "Ó ti pẹ́! Wọlé jàre."

Kò pẹ́ tí iyanrìn fi ya. Nígbà tí mo débẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo rí, ó ń mì. Ẹ tutọ́ sí mi lára bí ẹ bá fẹ́: kí n tó mú ṣọ́bìrì, àkísà pupa ni mo kọ́kọ́ lọ wá. Mo rì í mọ́lẹ̀ tán kí n tó pariwo. Ìgbà tí èèyàn fi dé, ọwọ́ náà kò mì mọ́.

Mo ń ké pé, "Mo sọ fún un! Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn!" Ìyá Habeeb, ẹ kúnlẹ̀ fún mi nídìí òkú, ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì í, kí Ọlọ́run má baà bi í léèrè àìgbọràn rẹ̀." Mo ní mo ti foríjì í. Èmi! Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, ẹ ń se mọ́ínmọ́ín sààrà wá, kí n má baà fi ọ̀rọ̀ ọmọ yín sínú. Mo ń jẹ ẹ́. Mo tún ń lá ewé. Ara mi ń rí mi lára, síbẹ̀ mo ń gbé e mì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń wa iyanrìn, ẹ fi ojú ara yín wòkè kí ẹ tó wọ ìdí òkìtì. Ẹ má fi ẹ̀mí yín sí ẹnu ọ̀gá.

Ìyá Habeeb, ọmọ yín kì í ṣe olóríkunkun. Ó béèrè kó tó wọlé, ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ìgbọràn ló pa á. N kò tíì ní kí ẹ foríjì mí. Ẹ kọ́kọ́ gba ìkúnlẹ̀ yín padà. Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí, ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Èmi ló kàn láti kúnlẹ̀ fún Ìyá Habeeb.