Ìwádìí Tí Mo Ṣe sí Ilé Yín

Ìyá Stephen, jẹ́ kí n dúró síbí, má ní kí n wọlé! Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ní kí Ọlálẹ́yẹ àbúrò mi má fẹ́ ọ, n kò sì tẹ ìloro yín ní Ìkàrẹ́ yìí láti ìgbà náà. Ọ̀kadà ni mo gùn láti Ọ̀kà wá, ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ohun tí Nathaniel ọmọ mi fi ojú mi rí jùyẹn lọ!

Àwọn ará Ṣúpárè ló wá ṣe ìwádìí nítorí Ayọ̀midọ̀tun, ọmọ Nathaniel, ọmọ-ọmọ mi, tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́. Wọ́n ní ṣé kò sí àrùn ọpọlọ nílé wa. Èmi tí mo mọ ìdílé wa dé ìran keje, mo gbé orí sókè, mo ní, láéláé! Ni Nathaniel bá dìde lẹ́yìn mi, olùkọ́ yunifásítì, tòun ti ewú lórí. "Màmá, ó wà. Èmi ni." Ó ní dókítà sọ pé ADHD ni, kì í ṣe wèrè, ọpọlọ òun ni kì í dúró sójú kan, ó sì máa ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Níwájú àna! Ṣé bí ọmọ ṣe ń ṣe nìyẹn?

Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin náà kò jẹun láti àná.

Mo bú Nathaniel! Mo ní ẹ̀jẹ̀ ta ni? Ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹ ni! Ó wò mí, ó ní, "Màmá, ìkòkò mélòó lẹ ti jó lọ́dún yìí?" Olúwa mi o! Mẹ́rin ni. Màá dìde pé kí n mú iyọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n á ti bá mi níbi tí mo ti ń já ewúro, ọbẹ̀ á ti di èédú. Láti kékeré ni. Ní girama, tíṣà kọ ọ́ sínú káàdì mi pé mo gbọ́n, ìdí mi ni kì í gbélẹ̀. Mo fi káàdì náà pamọ́ kí bàbá mi má baà rí i. Mo pe ara mi lọ́lẹ títí mo fi darúgbó, mo sì na Nathaniel nítorí ohun kan náà títí pàṣán fi já.

Kí ni mo wá sọ nípa bàbá tìrẹ nígbà tí mo ṣe ìwádìí ilé yín nítorí Ọlálẹ́yẹ? Pé á kọ ebè ìlà mẹ́ta, á ju ọkọ́ sílẹ̀, á lọ wo pańpẹ́, á gba ibẹ̀ lọ sílé ọ̀rẹ́, ọkọ́ á sùn sóko. Mo ní irú orí bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé wa. Ilé wa! Èmi gan-an ni mo gbé e rù! Mo rí i lára bàbá rẹ nítorí pé mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Ẹ̀rín? Ẹ̀rín lò ń rín? Rín in, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, wàá bá mi dé Ọ̀kà. Màá sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa, pé ọ̀dọ̀ mi ni Nathaniel ti gbé e. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ Ayọ̀midọ̀tun mọ́, ìwọ dìde, sọ ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fojú rẹ rí. Má sì yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀.